Matrix: Ọkọ̀ Ọlọ́mọ Tó Ṣì Dùn ún Wà

Bí ọmọ bá ti pé méjì nínú ilé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ a yí padà. Ẹni tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní àpọ́n, eré tí ọkọ̀ ń sá àti bí ara rẹ̀ ṣe ń dán ló ń wò, yóò wá máa wo ibi tí báàgì ilé-ìwé máa gbé, bí kẹ̀kẹ́ ìkókó ṣe máa wọ búùtù, àti bóyá Màmá àgbà á lè wọlé láì kọ́kọ́ di orúnkún mú. Bó bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ àti mẹkáníìkì, ohùn wọn kì í ṣòro láti dọ́gba: "Lọ ra Sienna." Àwọn tó bá ṣì fẹ́ràn ọkọ̀ tó gbáfẹ́ yóò ní kó wá Camry tí wọ́n ń pè ní 'Big Daddy', tàbí Accord ọdún 2003 tí ìgboro sọ ní 'End of Discussion'.

Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo wọn. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ni Sienna ní, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń wọ́ sẹ́yìn láì gbá ẹnikẹ́ni, ó sì ń gba ilé, ó ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì V6 ni, epo sì ni oúnjẹ rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń dá gbé ọmọ méjì lọ sílé-ìwé ní Bódìjà n'Íbàdàn nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ ń sanwó epo fún àga òfìfo. Camry àti Accord ní tiwọn dára lójú ọ̀nà, àmọ́ búùtù wọn kì í gbà ju ohun tí ẹnu rẹ̀ bá gbà lọ. Bí ẹrù bá ti ga díẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti okùn àti orí ọkọ̀.

Èrò tèmi ni pé adùn ìwakọ̀ àti àyè ọmọ kì í ṣe orogún. Wọ́n lè jọ gbé nínú ọkọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò pa ni, bí ènìyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Ọkọ̀ tí mo rò pé ó fi èyí hàn jù nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni Toyota Matrix, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2003 sí 2008. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé wọ òde kí gbogbo ojú yí sí i. Ọkọ̀ tí iyì rẹ̀ ń hàn díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ń bá a gbé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002 ni Toyota gbé Matrix jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2003, ìlú Cambridge ní ẹkùn Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà ni wọ́n sì ti ń tò ó. Egungun Corolla ni wọ́n fi ṣe é: ìpìlẹ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ ní abẹ́ ọkọ̀ kan náà. Ìkejì rẹ̀ wà tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ, Pontiac Vibe. Fremont ní California ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, ní ilé-iṣẹ́ NUMMI tí General Motors àti Toyota jọ ń ṣe láti ọdún 1984. Wọ́n tilẹ̀ ń kó irú rẹ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún lọ sí Japan, tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ ní orúkọ Toyota Voltz. Ọdún 2009 ni General Motors kéde pé àwọn máa pa orúkọ Pontiac rẹ́. NUMMI náà ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Tesla ló sì ń lo ọgbà náà báyìí. Ohun tí ìtàn yìí wúlò fún lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sọ́jà ni pé bó bá rí Vibe tó mọ́ tónítóní, tí dílà sì ń wò ó bí ọmọ tí kò ní ẹbí, kó fọkàn balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Toyota ni lábẹ́ aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìta. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́rin àti sẹ̀ǹtímítà 35. Èyí túmọ̀ sí pé ó kúrú ju Corolla ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ó sì ga jù ú lọ. Imú rẹ̀ rẹlẹ̀, ó kúrú. Láti ibẹ̀, gíláàsì iwájú gun òkè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òrùlé tẹ́ lọ sẹ́yìn, ó wá dà wálẹ̀ lójijì níbi tí ọkọ̀ mìíràn ìbá ti máa na búùtù síta. Etí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ń gòkè bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, èyí tó mú kí ọkọ̀ náà dà bí ohun tó fẹ́ gbéra kódà nígbà tó bá dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò ní tẹ orí ba, kò sì ní gòkè. Bí ìdí ṣe wà lójú ìdúró náà ni àga wà, èyí sì ni ìdí tí àwọn àgbàlagbà tó ní ẹsẹ̀ ríro fi ń yìn ín.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àrà wà. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí sókè lódindi, ó sì ń di ìbòrí fún ẹni tó ń kó ẹrù nígbà òjò. Gíláàsì tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn tún lè dá ṣí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá páàkì ọkọ̀ mọ́ra nínú ọgbà ilé-ìwé tí ilẹ̀kùn ńlá kò ráyè gòkè, gíláàsì náà ló máa ṣí tí báàgì mẹ́ta yóò fi wọlé. Bí àwọn àga ẹ̀yìn bá wà ní ìdúró, àyè tó wà lẹ́yìn wọn lé ní lítà 600. Bí wọ́n bá tẹ́ wọn sílẹ̀, ó di nǹkan bíi lítà 1,500, ibẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ni èèyàn á fi tú u, àga á sùn sílẹ̀. Kò sí pé à ń yọ ọ́ gbé sí yàrá. Àga èrò iwájú náà ń tẹ̀ síwájú títí tó fi tẹ́, nítorí náà pákó tàbí àtẹ̀gùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lè wọlé kí ilẹ̀kùn sì padé.

Ike líle ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn àwọn àga yẹn àti ilẹ̀ búùtù. Lójú ẹni tó fẹ́ràn gbẹdẹmukẹ, àbùkù ni. Lójú ọlọ́mọ, àánú ni. Epo pupa tó dà láti inú kẹ́ẹ̀gì, yanrìn tó bá bàtà bọ́ọ̀lù wọlé, jùsì tó tú sílẹ̀ nínú àpò, àkísà tútù kan ló máa kó gbogbo rẹ̀. Àwọn ojú irin tín-ínrín wà lórí ilẹ̀ búùtù tí a lè ti ìkọ́ bọ̀, kí a lè so ẹrù mọ́lẹ̀. Ó dára kí a lò wọ́n, torí pé ike náà ń yọ̀, ìkòkò tí a kò bá so lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí a tó sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

Ní ti àwọn ọmọ fúnra wọn, àga ẹ̀yìn gba ọmọ mẹ́ta tí wọn kò tíì ga, ó sì gba àgbà méjì pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni àárín ló máa ń ráhùn, ibẹ̀ há. Nítorí pé òrùlé ga, tí wọ́n sì gbé àga sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ ń wálẹ̀ dáadáa, kò sí pé orúnkún kan àyà. Òfin Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ní ìkọ́ irin tí a ń so àga ọmọdé mọ́, Matrix sì ní in ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àga ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ òbí níbí ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ẹ ti ọwọ́ bọ àlàfo ibi tí ẹ̀yìn àga àti ìdí àga ti pàdé, ẹ ó kan irin méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kékeré kan tún wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì tí a máa ń yí, tí ọmọ kò fi ní lè ti inú ṣílẹ̀kùn lórí eré.

Ó kù bí ó ṣe ń rìn, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí. Ẹ́ńjìnnì oní-lítà 1.8 ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi họ́ọ̀sì páwà 130. Ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà yìí lásán yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógírámù 1,200 sí 1,250 lọ, nígbà tí Sienna ọdún 2004 lé ní 1,800. Ara fífúyẹ́ yìí ni àṣírí rẹ̀. Bí iná bá fi ọ̀nà sílẹ̀ ní Ìwó Road, kò ní fò bí ọta, ṣùgbọ́n á gbéra láì mí gúlegúle. Bí a bá yí sítíárìn, imú á tẹ̀ lé ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kò ní kọ́kọ́ rò ó. Ọ̀pá jíà kò sí nílẹ̀ láàárín àga méjì bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ara dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ló ti yọ jáde, ó ga, ó sún mọ́ sítíárìn, ọwọ́ kò rìn jìnnà. Àwọn agogo eré àti epo wà nínú ihò róbótó róbótó, iná pupa rẹ́súrẹ́sú ń tàn nínú wọn, ojú kan ni èèyàn á fi rí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó yẹ kí a ti mọ irú ọkọ̀ yìí ni èyí tó gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Bí èèyàn bá kó ọmọ lọ wo ìsun omi Ọlúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó sì tẹ̀ síwájú gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, kọ́nà ń tẹ̀ lé kọ́nà. Ọkọ̀ gíga tó wúwo á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì níbẹ̀, ọmọ tó jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fèrèsé. Matrix ń fì díẹ̀, a kò lè parọ́, nítorí ó ga ju Corolla. Àmọ́ fífì náà ní ìwọ̀n, ó sì máa ń dúró síbi tí awakọ̀ rò pé á dúró. A ó fa jíà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì bá bíréèkì ṣiṣẹ́, a ó yí kọ́nà, a ó tún rọra tẹ̀ ẹ́. Ní irú eré tó bójú mu, tí òfin kò ní kígbe, tí ìyàwó kò ní ṣépè, awakọ̀ á mọ̀ pé òun ń wa ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alágbára ló jẹ́ pé àfi kí wọ́n kọjá ibi tó yẹ kí ọlọ́mọ sá eré dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìdílé Matrix fúnra rẹ̀. Irú kan wà tó ń jẹ́ XRS, tí Yamaha bá Toyota ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní họ́ọ̀sì páwà 180 lọ́dún 2003 àti jíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà. Agbára yẹn kì í jí àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ju ìgbà 6,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mélòó ni ojú ọ̀nà wa tó máa gba irú ìyẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjòdú l'Ékòó, XRS àti Matrix lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi pé ẹsẹ̀ òsì olówó XRS ló máa ń ro ó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ. Ẹ fi èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà náà sílẹ̀. Ó tún wúwo sí i, ohun tó lè bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ní ti epo, Matrix tí ara rẹ̀ dá lè rin nǹkan bíi kìlómítà méjìlá lórí lítà kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, táńkì rẹ̀ sì ń gba nǹkan bíi lítà 50. Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Nítorí pé ọmọ ìyá Corolla ni, plọ́ọ̀gì, bíréèkì, bọ́ṣì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í wọ́n ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Agodi Gate n'Íbàdàn, kò sì sí mẹkáníìkì tó tíì tú Corolla rí tó máa bá a ṣe àjèjì.

Ẹni tó bá ń yin nǹkan gbọ́dọ̀ sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo ọ̀nà ń wọ inú Matrix. Lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bí ojú ọ̀dà kò bá ti dán, àwọn tó wà lẹ́yìn á gbé ohùn sókè kí ẹni iwájú tó gbọ́. Ike inú rẹ̀ máa ń ké wínní-wínní bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́. Igun ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó ń bo ojú nígbà tí a bá ń fi ẹ̀yìn rìn, nítorí náà ẹ rí i dájú pé kò sí ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn. Èyí tó tóbi jù ni ti ẹ́ńjìnnì: àwọn ti ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwà jíjẹ epo ẹ́ńjìnnì. Ríìnì tó yẹ kó máa nu epo kúrò lára ògiri ẹ́ńjìnnì ló ń dí, epo á sì máa jó pẹ̀lú bẹntiróòlù. Ẹni tí kò bá ń fa géèjì yẹ̀ wò lè rin ìrìn-àjò kan kí epo gbẹ láì mọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fa géèjì, kí ẹ sì wo ẹnu sáílẹ́ńsà. Bí ó bá dúdú tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, tí èéfín aláwọ̀ búlúù sì ń jáde nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ kí dílà pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Yíyan ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gba sùúrù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 wà ní igun gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. Ti Matrix ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, ti Vibe pẹ̀lú 5Y2. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ gan-an: 3 dúró fún 2003, 8 dúró fún 2008. Bí ẹnu dílà bá sọ 2007 tí ipò kẹwàá sì sọ 4, ẹ ti mọ ẹni tó ń sọ òótọ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ìdí irin àga. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà bá wà níbi tí òjò kì í dé, ọkọ̀ náà ti mùwẹ̀ rí. Ìjì àti àgbàrá bí ti Katrina lọ́dún 2005 rì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wáyà ọkọ̀ tó bá ti mu omi kì í sì í gbàgbé. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń ti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba bodè orí ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Matrix ọdún 2003 sí 2008 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí éàbáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó wà níwájú èrò. Ooru àti ọ̀rinrin tó pẹ́ máa ń ba ohun tó ń fẹ́ ẹ jẹ́, débi pé ó lè bú jù bó ṣe yẹ kó sì tú irin síta. Ilẹ̀ wa kò sì ṣaláìní ooru, kò ṣaláìní ọ̀rinrin. Àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè tẹ nọ́ńbà 17 yẹn sí lọ́fẹ̀ẹ́, kó rí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ọkọ̀ yẹn kò tíì tó ra. Kódà bí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀yìn ni àyè ọmọdé, kì í ṣe iwájú, kì í sì í ṣe orí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí gbogbo èyí bá ti yanjú, ẹ má ṣe dá nìkan wà á wò ní àdúgbò dílà. Ẹ kó àwọn ọmọ wọ ẹ̀yìn, pẹ̀lú báàgì wọn àti àga ọmọdé tí ẹ ní nílé, kí ẹ wà á gun òkè kan, kí ẹ sì wà á kọjá ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Ọlọ́mọ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Sienna ni tòun, epo tàbí kò sí epo. Ọlọ́mọ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣì máa ń gba ọ̀nà jíjìn wálé nítorí pé ọ̀nà náà dùn ún wà, kò ní nílò kí dílà bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ owó nìkan ló máa kù láàárín wọn.